Ìjọba Jẹ Mí Ní Àáró

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọkọ rẹ ń ṣe dáadáa, ṣé àwọn ọmọ ń jẹun yó kí wọ́n tó sùn? Àwa níbí, a wà, ọpẹ́ ni, torí ẹni tó bá wà láàyè ló ń ráyè sọ pé nǹkan ò dáa. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Ó ní kí n kọ ìkíni tòun sọ́tọ̀, kí n má pa á pọ̀ mọ́ tèmi bí mo ṣe ń pa gbogbo nǹkan òun pọ̀ mọ́ tèmi, nítorí náà mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, òrùlé ilé ìdáná ṣì ń jò níbi tó ti máa ń jò, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti kúrò nílé ìwòsàn, ó sì ti ń bá gbogbo èèyàn jà padà, ìyẹn la fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti yá. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín nínú ìlú ńlá yẹn, kí ilẹ̀kùn tí ẹ bá kàn ṣí fún yín, kí ọ̀gá rẹ má máa rí àṣìṣe rẹ kó tó rí iṣẹ́ rẹ.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ro bí mo ṣe máa kọ lẹ́tà yìí, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí bàbá ń sọ fún ọmọ. Ìyá rẹ ní kí n yéé fi ọ̀rọ̀ ṣe yíyí po, kí n sọ ọ́ tààrà. Tààrà náà nìyí: ìjọba jẹ mí ní àáró, wọn ò san án, oko wa sì ti bàjẹ́. Àlàyé ni gbogbo ìyókù.

Ìwọ náà mọ àáró. O ti ru oúnjẹ lọ bá àwọn aláàáró lóko rí nígbà tí o wà ní kékeré, tí o da ọbẹ̀ sílẹ̀ lọ́nà tí o ní ẹ̀fúùfù ni. Mo bá ọ roko lónìí, o bá mi roko lọ́la, kò sówó níbẹ̀, ẹni tó ni oko ló máa bọ́ àwọn tó wá. Èmi àti Aláròyé tó ń dáko ní òdìkejì odò, àti káfíńtà pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin rẹ̀, a ti ń ṣe é láti ìgbà tí gbogbo eyín mi ṣì pé. Èèyàn lè jẹ owó kó má san án, káwọn èèyàn ṣì máa kí i. Ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, ìkíni rẹ̀ ti tán ládùúgbò nìyẹn. Bó ṣe wúwo tó lọ́dọ̀ wa nìyẹn, ohun tó sì jẹ́ kí n gba ìjọba gbọ́ nìyẹn, torí mo rò pé ibi gbogbo ló ti wúwo bẹ́ẹ̀.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni ọkọ̀ kan dé. Ọ̀dọ́bìnrin kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò tó gùn dé orúnkún, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ tó ń sán. A ò bi í léèrè orúkọ mọ́, Oníbàtà-Òjò la sọ ọ́. Ó kó gbogbo àgbẹ̀ etí odò jọ sínú kíláàsì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó ní ká jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọdé, orúnkún wa sì ń kan àgbọ̀n wa bíi tẹlẹ́ǹgà. Ó wá ta àwòrán ńlá kan sára ògiri, ó ní odò wa nìyí, ibi tó ti ṣẹ̀ lórí òkè nìyí, oko wa nìyí, ó sì fi ìka tọ odò náà lọ títí, ó kọjá àwọn abúlé tí mi ò dé rí, títí tó fi dé adágún ńlá kan tí ilé iṣẹ́ omi ti ń fa omi fún gbogbo ìlú ńlá yín. Ó ní nítorí pé a ń roko dé ẹnu odò gan-an, tí a sì ń kọ ebè wa láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀, gbogbo òjò tó bá rọ̀ ló ń gbá ilẹ̀ wa lọ sínú omi. Ó ní ilẹ̀ wa ń rìn lọ sí ìlú ńlá. Mo ní kò burú, àwọn ọmọ wa náà rìn lọ. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ní ilẹ̀ tó bá ti lọ kì í padà wá mọ́. Káfíńtà ní ṣé àwọn ọmọ náà máa ń padà wá ni. Má bínú sí i, ẹnu rẹ̀ ló rí bẹ́ẹ̀.

Ètò tí wọ́n gbé wá ni pé ká fi etí odò sílẹ̀, ká má dá oko níbẹ̀ mọ́, ká gbin igi àti koríko sí i, ká ṣe ọgbà kí ewúrẹ́ má baà wọ̀ ọ́, ká sì yí ebè orí òkè kó dábùú. Ó ní iṣẹ́ àjọṣe ni. Ìjọba ńlá máa ṣe tiwọn, ìjọba kékeré máa ṣe tiwọn, ilé iṣẹ́ omi máa ṣe tiwọn, àgbẹ̀ náà á ṣe tirẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, pé tó bá ti ṣe é tán, ó di ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta yòókù nìyẹn. Ọmọ mi, ìwọ tí o kàwé, kí lo máa pe ìyẹn bí kì í bá ṣe àáró? Kò sí ẹni tó tan mí. Mo fi etí ara mi gbọ́ ọ, mo sì fi orí ara mi rò ó.

Mo wá jókòó ṣe ìṣirò. Ilé iṣẹ́ omi nìkan, wọ́n ní òṣìṣẹ́ tó pọ̀ débi pé ìwọ fúnra rẹ sọ fún wa pé wọ́n máa ń dúró yí kòtò kan ká tí ẹnì kan á máa gbẹ́ ẹ. Ìjọba kékeré ní àwọn tó ń gbálẹ̀. Ìjọba ńlá, àwọn ológun ńkọ́? Tí wọ́n bá fi ìdajì nínú àwọn tí kò rí nǹkan ṣe ránṣẹ́ sí mi, iṣẹ́ oko òkè á parí kí oòrùn tó mú. Mo lọ bá Aláròyé, mo sọ fún un pé mo ti kúrò nínú àáró wọn, torí èèyàn ò lè jẹ àáró níbi méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè, pé èmi àti ìjọba la jọ máa ń ṣe é báyìí. Aláròyé bi mí bóyá ìjọba mọ ọkọ́ dì mú. Mo ní owú ló ń jẹ ẹ́. Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, kó má wá bá mi tọrọ ẹnì kan lára wọn o. Kò fọwọ́ sí ètò náà ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ló ti sọ mí ní Ọ̀rẹ́-Ìjọba, orúkọ náà sì ti wọlé débi pé àwọn tó ń ta epo fún ìyá rẹ ti ń pè é ní ìyàwó Ọ̀rẹ́-Ìjọba.

Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mi ò fi ọ̀kankan ṣeré nínú rẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ni mo fẹ́ mú wá sínú iṣẹ́ àjọṣe yìí, mo kọ ọ́ pé ẹ̀yìn mi. Wọ́n bi mí pé kí ni mo ń retí lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ fẹ́ ṣe é, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n tètè jí. Wọ́n bi mí bóyá aáwọ̀ kankan wà lórí ilẹ̀ náà, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó mi ní tòun ni. Oníbàtà-Òjò wo fọ́ọ̀mù náà bóyá gbogbo àyè inú rẹ̀ ti kún, ó ní ó ti kún, ó sì fi sínú àpò. Ìdí tí mo fi ń sọ èyí ni pé kí o mọ̀ pé mi ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún wọn.

Wọ́n tún ní àfi kí n ní àkáǹtì ní báńkì. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ orúkọ àwọn aláàáró sílẹ̀. Ilẹ̀kùn báńkì náà, yàrá gíláàsì kékeré kan ni, bó o bá wọ̀ ọ́, á pa dé mọ́ ọ, o ò ní lè jáde, o ò sì ní lè wọlé. Mo rò pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ọkàn èèyàn wò, mo dúró jẹ́ẹ́, mo sì ro ohun tó dáa nìkan, títí tí ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà fi kan gíláàsì, tó ní kí n mú àdá ẹ̀gbẹ́ mi kúrò. Ọ̀dọ́kùnrin orí tábìlì ní kí n mú ìwé tó fi hàn pé ibi tí mo ń gbé ni mo ń gbé wá. Mo ní kó bá mi kálọ. Kò bá mi lọ. Olórí ilé ẹ̀kọ́ ló padà bá mi kọ ọ́, ó fi ẹ̀rí sí i pé mo ń gbé nílé mi.

Báńkì ní tí ìjọba bá ti ṣe tiwọn, fóònù mi á dún. Mo ra èyí tí káfíńtà ti lò rí, mo sì ń gbé e káàkiri bí ẹni gbé ẹyin. Ó máa ń dún lóòótọ́. Láràárọ̀ ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ sí mi, á pè mí ní oníbàárà wa ọ̀wọ́n. Mo ní ẹ ò rí i bí ìjọba ṣe mọ ìwà hù. Mo máa ń fèsì, mo máa ń béèrè àwọn aya àti àwọn ọmọ, mo máa ń sọ bí òjò ṣe rọ̀ fún wọn. Ìgbà tí owó inú fóònù tán pátápátá ni káfíńtà sọ fún mi pé àwọn ilé iṣẹ́ fóònù tó ń ta ìpè ló ń kọ ọ́, pé gbogbo ayé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, àti aláìsàn àti òkú.

A ṣe tiwa, èmi àti ìyá rẹ. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn, o mọ̀ ọ́n, ilẹ̀ dúdú tó rọ̀ tí ìyá rẹ fi ń gbin ẹ̀fọ́ àti ilá, tí a fi ń rí nǹkan jẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ibi gbogbo bá gbẹ. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló fa ilá rẹ̀ tu. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a tu ú, ó ní òun ò fẹ́. Ó kó o jọ sẹ́bàá ọ̀nà, ó jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó dìde ó ní ibo ni àwọn ọmọ igi wà. A gbin igi. A ru òpó, a ta wáyà ọgbà, a sì fi ọkọ́ yí ebè orí òkè padà kó dábùú, ẹ̀gbẹ́ mi sì ti ń dùn mí láti ìgbà náà. Oníbàtà-Òjò wá wò ó, ó ní kò sẹ́ni tó ṣe é dáa tó wa létí odò yìí. Ó wá kìlọ̀ fún wa pé ẹ̀rọ kan wà lókè, ó ga ju ibi tí ẹyẹ ń fò dé lọ, ó ń ya fọ́tò gbogbo ilẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá tún dá oko tàbí kọ́ nǹkan sí etí odò, ìjọba á rí i. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ gba etí odò kọjá, mo máa ń wọ ẹ̀wù tó mọ́, mo máa ń ṣí fìlà, mo sì máa ń kí wọn lókè. Bí ìgbẹ́ bá gbọ̀n mí, ọ̀nà jíjìn ni mo ń lọ.

Òjò rọ̀, a gbin àgbàdo sí oko òkè, ó hù, inú wa dùn. Nígbà tí koríko bẹ̀rẹ̀ sí í hù, mo dá ọjọ́ tí ìjọba máa wá san àáró wọn, mo sì fi fóònù ránṣẹ́ sí wọn, nígbà yẹn mi ò tíì mọ̀ pé àwọn tó ń ta ìpè ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ jí ní ìdájí, ó se ẹ̀wà tó pọ̀ tó ti ẹgbẹ́ mẹ́ta, ó yá ìkòkò lọ́wọ́ ìyàwó káfíńtà. Mo lọ dúró sójú títì. Ọkọ̀ tó ń ta yìnyín kọjá, ọkọ̀ tó ru igi kọjá. Oòrùn mú. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹ̀wà fún gbogbo ẹni tó bá ti ń bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ àti láti oko, títí kan Aláròyé. Aláròyé jẹ ẹ́ tán, ó ní ìjọba mọ ẹ̀wà sè o.

Mo ní bóyá ọjọ́ ló ṣì wọ́n lọ́wọ́. Mo tún dá òmíràn. Koríko ò sì dúró de ẹnikẹ́ni. Èmi àti ìyá rẹ bọ́ sí i, a roko títí ẹ̀gbẹ́ mi fi mú mi lọ sílẹ̀, a óò ro apá kan, apá tí a ti ro lẹ́yìn á ti kún padà. Mo ń wo àwọn aláàáró mi àtijọ́ tí wọ́n ń kọjá lọ sí oko ara wọn, tí wọ́n gbé ọkọ́ léjìká, tí wọ́n ń ṣe àwàdà tí èmi náà máa ń dá sí tẹ́lẹ̀. Káfíńtà dúró lọ́jọ́ kan, ó ní kí n kàn sọ ọ́ lẹ́nu, pé àwọn á wá. Mi ò sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ fi san án fún wọn? Ẹ̀gbẹ́ mi ò jẹ́ kí n lè roko ẹlòmíràn mọ́, èmi ni mo sì fi ẹnu ara mi ní kí wọ́n má tọrọ èèyàn lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ òkè yẹn ló wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní bí ìjọba ò bá gbọ́ ti fóònù, wọ́n ṣáà ní ojú. Mo kó gbogbo aṣọ ilé jáde, aṣọ ìbora, kọ́tìnì, ìró ìyá rẹ, títí kan yunifọ́ọ̀mù rẹ àtijọ́, mo lọ tẹ́ wọn sórí koríko etí odò, mo fi kọ ọ́ gàdàgbà gadagba pé Ó KÀN YÍN. Òkúta ni mo fi tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀. Gèlè aláwọ̀ ewé ìyá rẹ ni mo fi ṣe àmì orí rẹ̀, kí wọ́n má baà ṣì í kà. Ìyá rẹ bi mí pé kí la máa dà bora. Mo ní kó ní sùúrù, wọn ò ní pẹ́ dé. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ tí aṣọ fi wà níta, èmi pẹ̀lú rẹ̀ la jọ mọ bí òtútù ṣe rí.

Wọ́n sì dé lóòótọ́. Ọmọ mi, mo fẹ́ kí o mọ bí inú wa ṣe dùn tó nígbà tí a gbọ́ ìró ọkọ̀ yẹn. Ìyá rẹ sáré gbé omi kaná. Mo kó gbogbo ọkọ́ jáde, mo tò wọ́n sára ògiri, mo sì mú èyí tí ẹ̀rú rẹ̀ dán jù sọ́tọ̀ fún ọ̀gá wọn. Àwọn méjì péré ló sọ̀ kalẹ̀, Oníbàtà-Òjò àti ọ̀gá rẹ̀ kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ débi pé ó lè gé èèyàn lọ́wọ́. Ọ̀gá ò wo ọkọ́. Ó mú fọ́tò kan jáde, ó bi mí pé àwọn wo ló wá pàgọ́ sí etí odò tí a ti fọwọ́ sí pé a ò ní kọ́ nǹkan sí. Mo wo fọ́tò náà. Àwọn tóótòòtó aláràbarà kan ló wà níbẹ̀, bí ìgbà tí ẹ̀wà dà sílẹ̀. Mo ní kò sí àgọ́ kankan níbẹ̀, sà, ọ̀rọ̀ ni, kí ó kà á. Ó wò ó. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Mo kà á fún un. Mo mú un dé etí odò, mo fi ẹsẹ̀ tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lọ fún un. Ó ní ẹ̀rọ òkè kì í kàwé, pé nǹkan tó bá ti rí ló ti rí, ó sì ti wọlé sí ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí. Mo wá rò ó lọ́kàn mi pé ojú tó rí gèlè ìyàwó mi láti ọ̀run, kò rí koríko tó ń pa oko mi.

Ìgbà náà ni Oníbàtà-Òjò wá ṣàlàyé fún mi pé ti ìjọba kì í ṣe ọkọ́, pé owó ni wọ́n máa fi ṣe tiwọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dá a jọ, á sì wọlé sí báńkì fún wa nítorí ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀. Mo ní owó ò ní apá, àmọ́ kò burú, kí wọ́n mú un wá, màá fi gba àwọn tó ní apá. Ọ̀gá ní kò lè wá mọ́ báyìí, àfi bí wọ́n bá parí ìwádìí lórí àgọ́. Mo ní ta ló máa ṣe ìwádìí. Ó ní ìjọba kékeré ń dúró de ìjọba ńlá, ìjọba ńlá ń dúró de ilé iṣẹ́ omi, ilé iṣẹ́ omi sì ní àwọn ò lè gbé ẹsẹ̀ kan bí ìjọba kékeré ò bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lórí èyí, mo gbọ́ ọ yé. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí nìkan ló yé mi dáadáa.

Ọ̀gá padà sínú ọkọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sínú fóònù. Oníbàtà-Òjò dúró. Ó wo oko òkè, ó wo àwọn ọkọ́ tí mo tò sí ògiri, ó wò mí. Ó mú èyí tí mo yà sọ́tọ̀ fún ọ̀gá rẹ̀, ó bọ́ sórí ebè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kò mọ̀ ọ́n ro, ọmọ mi, àgbàdo méjì ló gé pẹ̀lú koríko, ó sì ń di ọkọ́ mú bí ẹni di ṣíbí. Mo ní kó fi sílẹ̀, kò fi sílẹ̀. Ó ro ebè kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú bàtà òjò yẹn, ọ̀gá ń fun fèrè ọkọ̀, kò gbójú sókè. Nígbà tó parí, ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìyá rẹ bu omi fún un, ó fi fọ ọwọ́, ó ń sunkún, ó ní ká má bínú. Kí ni màá bínú sí lára ọmọ ọlọ́mọ? Òun nìkan ló san nínú àáró yẹn. Mo pe nọ́ńbà rẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, ẹlòmíràn ló gbé e, ó ní wọ́n ti gbé e lọ ṣiṣẹ́ níbòmíràn.

A ti kórè báyìí, bí a bá lè pè é ní ìkórè. Koríko ti gba gbogbo rẹ̀. Ebè tí ọmọ yẹn ro nìkan ló yọ àgbàdo tó ní orí, ìyá rẹ sì ti so ó kọ́ sórí àjà fún irúgbìn, a ò fi kan ẹnu. Nǹkan tí a ó gbìn nìyẹn, kò sí èyí tí a ó jẹ.

O máa bi mí pé kí ló kó mi sí i, àgbà bíi tèmi. Gbogbo èèyàn ló ń bi mí, mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn. Ìwọ ni mo tìtorí rẹ ṣe é. Nígbà tí o wá kí wa kẹ́yìn, o sọ fún ìyá rẹ nílé ìdáná, o rò pé mo ti sùn, pé bí òjò bá ti rọ̀, omi ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ aṣọ níbi iṣẹ́ rẹ ní òtẹ́ẹ̀lì yẹn máa ń pọ́n, pé ó ń ba àwọn aṣọ ibùsùn funfun jẹ́, tí ọ̀gá yín sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ bíi pé ìwọ lo po ẹrẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí Oníbàtà-Òjò fi ìka tọ odò lọ lórí àwòrán yẹn, láti oko wa títí dé ìlú rẹ, mi ò gbọ́ ohun tó sọ lẹ́yìn náà mọ́. Mo ní háà, ẹrẹ̀ tèmi ni. Oko tí mo fi tọ́ ọ dàgbà ló ń tẹ̀ lé ọ lọ ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. Bàbá wo ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní fọwọ́ sí i?

Omi tó wà ní apá tiwa ti ń mọ́ lóòótọ́. Bí òjò bá rọ̀ báyìí, ó máa ń ṣàn wọ inú koríko yẹn, á sì jáde bí omi mímu. Àmọ́ Aláròyé ṣì ń roko dé ẹnu odò ní òdìkejì, ẹrẹ̀ tirẹ̀ sì ń wọlé pupa fòò, omi ò sì mọ apá ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yàtọ̀ sí apá ẹni tí kò fọwọ́ sí i. Mo lọ bá a pé kó fi díẹ̀ sílẹ̀. Ó nawọ́ sí àgbàdo rẹ̀ tó ga ju orí lọ, ó nawọ́ sí tèmi. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bó bá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ì bá sàn fún mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, ohun tí mi ò kọ sí ọ rí láyé mi ni mo fẹ́ kọ yìí. Jọ̀wọ́, fi owó ránṣẹ́ sí wa ká fi ra àgbàdo. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ pé ká fi ra oògùn ẹ̀gbẹ́, mo ní mi ò ní purọ́ fún ọ. Àgbàdo ni. Mi ò ní rà á lọ́jà wa níbí, ọ̀nà jíjìn ni màá lọ, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ pé àgbẹ̀ ni mí. Bí kò bá sí, má yá a, má sì jẹ́ kí ọkọ rẹ rí ẹkún lójú rẹ. Kí ara rẹ le. Kí ọwọ́ rẹ má bó lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìwọ àti ẹni tí ẹ bá jọ dáwọ́ lé nǹkan, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o ṣe tìrẹ tán kí o wẹ̀yìn kí o má rí i.

Ohun tó kù tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá omi tó ń dé ibi iṣẹ́ rẹ ti mọ́. Bó bá ti mọ́, kódà kó jẹ́ díẹ̀, tètè kọ ọ́ sí mi, kọ ọ́ sí òkè lẹ́tà níbi tí màá ti kọ́kọ́ rí i. Bí kò bá tíì mọ́, nípa àwọn ọmọ ni kí o kọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.